Nọ́ńbà Tó Ń Ṣílẹ̀kùn Òkè-Ìbùkún

"Ẹni tó jí i mọ ohun tó ń ṣe," ni Níní wí, ó sì gbé páálí kékeré kan kalẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni ń gbé ẹ̀rí síwájú adájọ́.

Àlàájà Munirat Adéjìmí kò wo páálí náà. Orúnkún ara rẹ̀ ló ń wò. Láti ìgbà tó ti kírun àárọ̀ tán ló ti ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi gbígbóná oníyọ̀, síbẹ̀ orúnkún náà kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ó ti di ọdún mẹ́rin tó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n àwọn ará Bàrígà kò gbà pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìfẹ̀yìntì. Bí ewúrẹ́ bá sọnù, Màmá Sí-Áì-Dì. Bí ọkọ bá sùn síta, Màmá Sí-Áì-Dì. Ó ti sú u. Bí wọ́n bá ní kó yan ohun kan láyé yìí, oorun ni ì bá yàn.

"Kí ni wọ́n jí?"

"Nọ́ńbà ni, Mà."

"Nọ́ńbà fóònù?"

"Nọ́ńbà géèmù orí kọ̀ǹpútà."

Àlàájà gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nínú omi, ó tún dá a padà. "Ọmọ yìí, o mọ̀ pé mo lè bí ìyá rẹ?"

"Mo mọ̀, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kẹ́ ẹ tó lé mi."

Kò lé e. Agbára àtilé ènìyàn kò sí lára rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó fi ọwọ́ hàn án pé kó jókòó, Níní Ikúmápàyí sì sọ tẹnu rẹ̀. Ọmọ apẹja Ìlàjẹ ni, etí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n ń gbé, òun fúnra rẹ̀ sì ń kàwé ní Akoka. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó ní, Olúwafimíhàn, òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ni mọ́tò kọlù tó sì kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Kí Fimíhàn tó kú, ó ra géèmù kan tí ènìyàn fi ń kọ́ ìlú sínú kọ̀ǹpútà. Ojúlówó ló rà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ta ló ń ra ojúlówó nígbà tí ayédèrú kún ìgboro. Ó ní ohun tóun fẹ́ kọ́, òun kò lè kọ́ ọ sórí ilẹ̀ olè.

Òkè-Ìbùkún ló kọ́. Ìlú bàbá wọn ni, létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, èyí tí òkun gbé mì nílé-nílé títí kò fi ku òpó kan. Ọdún mẹ́ta gbáko ni bàbá fi ń jókòó ti ọmọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí á máa sọ ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà, ilé ta ló kángun sí èbúté, igi àgbọn mélòó ló wà lójúde, ọmọ á sì máa kọ́ ọ bí bàbá ti ń wí. Nígbà tí Fimíhàn kú, bàbá kò ṣíwọ́. Níní ló ń bá a tẹ kọ̀ǹpútà, òun a máa rìn ká ìlú rẹ̀.

"Omi wọlé wa lóṣù kẹsàn-án tó kọjá," ni Níní wí. "Kọ̀ǹpútà yẹn kú. Ìlú náà wà lórí fíláàṣì mi, kò sí ohun tó ṣe é. Mo yá kọ̀ǹpútà mìíràn, mo fi géèmù sí i, ó ní kí n mú nọ́ńbà wá. Ogún ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà papọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìlú kan, òun nìkan ló lè ṣí i."

"Níbo ni nọ́ńbà náà wà tẹ́lẹ̀?"

Níní yí páálí náà padà. Bébà kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àmọ́ omi ti sọ ọ́ di bí ẹ̀kọ tí ọmọdé fọwọ́ pò. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló ṣẹ́kù tí ojú lè rí. K ni.

"Àwọn tó ṣe géèmù náà ńkọ́?"

"Wọ́n ti kógbá sílé, Mà. Lẹ́tà mẹ́fà ni mo kọ, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá ní káàdì kan tí nọ́ńbà yẹn wà lára rẹ̀. Inú pọ́ọ̀sì ló máa ń fi sí. Òun ló sọ fún mi, mi ò fojú rí i rí. Káàdì yẹn la ò rí mọ́. Wonder ló jí i."

"Ta ni Wonder?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Pedro."

Àlàájà mí kanlẹ̀. "Láti oṣù kẹsàn-án lomi ti wọlé. Kí ló wá ń lé ọ léré lónìí?"

"Ojú Bàbá ni." Ohùn Níní yí padà. "Dókítà ní àrùn tó ń ti etí ojú wọlé bọ̀ wá sí àárín ni. Àárín nìkan ló kù. Ó ní bí òjò bá fi máa bẹ̀rẹ̀, kò dájú pé á ṣì máa rí nǹkan kan. Mo fẹ́ kó rí ìlú rẹ̀ kí ojú yẹn tó lọ, Mà. Ìyẹn nìkan ni."

"Kí lòun fúnra rẹ̀ wí sí i?"

"Ó ní ká fi sílẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Àlàájà gbójú sókè. Ó ti rí olóhun tó ń sunkún, ó ti rí èyí tó ń ṣépè, ó ti rí èyí tó lu aládùúgbò rẹ̀ láìbéèrè. Olóhun tó ní ká fi sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó lè jẹ́ ẹni tó ti rẹ̀, ó sì lè jẹ́ irú ẹnì kejì kan tí Àlàájà kò tíì fẹ́ dárúkọ. Ó yọ ẹsẹ̀ méjèèjì nínú omi.

"Bá mi mú sálúbàtà mi," ó ní. "Ó wà lábẹ́ àga."

*

Ilé ìtẹ̀wé Alájì Ahmed wà ní àdúgbò kan ní Ṣómólú tó jẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ níbẹ̀, àwọn ènìyàn a máa bi ara wọn pé ta ló kú. Àlàájà kọjá láàárín àwọn tó ru pépà, ó gbẹ́sẹ̀ kọjá gọ́tà kan, orúnkún rẹ̀ sì rán an létí pé òun kọ́ ló rán an níṣẹ́. Nínú lọ́hùn-ún, òórùn yíǹkì ló gba gbogbo afẹ́fẹ́. Alájì jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó ti ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè sí iwájú orí, ife tíì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ti tutù tipẹ́.

"Fimíhàn?" Ó mi orí. "Àlàájà, ẹ má jẹ̀ẹ́ n rántí. Ọmọ tó mọṣẹ́ ni. Kì í fi ààyè ṣòfò. Bí àwa bá gbé iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ tí ààyè kékeré kan ṣẹ́kù lórí pépà, àwa á ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Òun ò ní gbà. Á wá nǹkan fi dí i. Ẹsẹ Bíbélì o, orúkọ àbúrò rẹ̀ o, ohun tó bá ṣáà ti bọ́ sí i lọ́kàn."

"Wọ́n ní ó ní káàdì kan tó ní nọ́ńbà lára. Inú pọ́ọ̀sì ló ń fi sí."

"Káàdì?" Ẹ̀rín Alájì kò dé ojú. "Inú káàdì la ń gbé níbí. A kì í ka ohun tí à ń tẹ̀, Àlàájà. Bí a bá ń kà á, ebi á pa wá."

"Wonder, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹni tó lè jalè ni?"

"Mi ò lè búra fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó máa ń wá jókòó ti Fimíhàn níbí. Láti ìgbà ìsìnkú, kò yọjú mọ́."

"Mo fẹ́ rí i."

Òkìtì káàdì yẹ́lò pélébé kan wà lórí tábìlì, wọ́n fi rọ́bà dì í. Alájì fa ọ̀kan yọ, ó yí i sí ojú tí kò ní nǹkan kan, ó sì fi pẹ́ńsù kọ àdírẹ́sì Wonder sí i. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ kún ara ìṣó lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ oníbàárà àti ọjọ́ tí iṣẹ́ wọn yóò jáde sí i.

"Ẹ má bínú pé àlòkù ni," ó ní. "Ní Ṣómólú, ẹni bá kọ̀wé sórí pépà tuntun, òun ló máa ṣàlàyé."

Àlàájà ti káàdì náà sínú báàgì, ó sì jáde sínú oòrùn. Ọmọ tó yọjú síbì kan lójoojúmọ́, tó wá dáwọ́ dúró lójijì lẹ́yìn ikú. Nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn nìkan ti tó kó gbé ènìyàn lọ sí àgọ́. Ní ọjọ́ orí yìí, ó mọ̀ pé ìbànújẹ́ àti ẹ̀rí-ọkàn tó ń dáni lẹ́bi máa ń wọ aṣọ kan náà.

*

Ṣọ́ọ̀bù Wonder kò ju yàrá kan lọ, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin àti àga oníke. Ní ọ̀sán yẹn, kò sí oníbàárà kankan. Ọkùnrin tín-ín-rín kan ló ń nu ojú tẹlifíṣọ̀n. Kí Àlàájà tó sọ̀rọ̀, ó ti dìde dúró.

"Mọ́mì, ọlọ́pàá ni yín."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bí ẹ ṣe ń wo ilé ni."

Lóòótọ́ ló ń wo ilé. Ohun tó sì rí lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀ mú kó gbàgbé orúnkún fún ìṣẹ́jú kan. Páálí kékeré ni. Páálí Níní gan-an ló jọ, àwòrán kan náà, àwọ̀ kan náà.

"Gbé ìyẹn wá."

Wonder gbé e wá.

"Níbo lo ti rí i?"

"Tèmi ni. Ọjọ́ kan náà lèmi àti Fimí rà á. Òun ló fi dandan lé e pé kémi náà ra ojúlówó."

Àlàájà yí páálí náà padà. Bébà ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní, lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ pé ogún. W ló bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe K. Ó dá páálí náà padà, àárẹ̀ rẹ̀ sì padà wá bá a.

"Níní ní ìwọ lo jí káàdì ẹ̀gbọ́n òun."

"Mo mọ̀." Wonder jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga rẹ̀. "Lóṣù kọkànlá, mo gbé nọ́ńbà tèmi lọ fún un. A tẹ̀ ẹ́ sí i, ìlú Fimí ò ṣí. Ló bá ní mo wá fi òun ṣẹ̀sín ni, ó bú mi jáde nílé wọn. Mọ́mì, kí ni mo fẹ́ fi nọ́ńbà ẹni tó ti kú ṣe? Mo ní tèmi."

"Kí ló dé tó o ò yọjú sílé ìtẹ̀wé mọ́?"

Ó fi aṣọ tó fi ń nu tẹlifíṣọ̀n nu ọwọ́ àga. "Àga tó máa ń jókòó lé ṣì wà níbẹ̀. Àbẹ́ẹ̀gì, Mọ́mì. I no fit."

Àlàájà gba èyí gbọ́. Ó ti gbọ́ irọ́ tó pọ̀ jù láyé rẹ̀ láti má mọ ohùn òótọ́.

"Ta ló mú pọ́ọ̀sì Fimíhàn lọ́jọ́ tó kú?"

"Èmi ni mo ṣà á nílẹ̀ lójú títì. Mi ò ṣí i. Mo fi lé Wúràolúwa lọ́wọ́, ẹni tó fẹ́ fẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sibítù ní Igbóbì."

*

Lórí bẹ́ǹṣì tí Àlàájà jókòó sí ní Igbóbì, ọ̀pá tí arọ fi ń rìn wà lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì dì wà lápá òsì. Nọ́ọ̀sì kan wo bó ti ń fọwọ́ pa orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mà, ṣé ẹ ti gba nọ́ńbà?"

"Nọ́ńbà ni mo ń wá láti àárọ̀, ọmọ mi," ni Àlàájà dáhùn.

Wúràolúwa jáde wá láti ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Arẹwà obìnrin ni, ojú rẹ̀ sì jọ ojú ẹni tí kò sùn dáadáa. Nígbà tó gbọ́ orúkọ Fimíhàn, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń gbọ́.

"Mà, mo ń ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ kíá."

"Pọ́ọ̀sì rẹ̀ ni mo wá béèrè."

Obìnrin náà kò jiyàn. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó sì fa pọ́ọ̀sì aláwọ dúdú kan jáde. "Mi ò lè gbé e wọ ilé ọkọ, mi ò sì lè jù ú nù. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó, oṣù mẹ́ta rèé, ni mo ti ń gbé e kiri."

Àlàájà ṣí i. Káàdì ìdánimọ̀ wà níbẹ̀, àwòrán bàbá àgbà kan nínú ọkọ̀ ojú omi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣófo. Àmọ́ awọ ibẹ̀ kò tíì gbàgbé ohun tó gbé. Ó ti gba àpá káàdì kan, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpá náà sì rí róbótó.

"Ta ló yọ èyí tó wà níbí?"

"Bàbá ni."

"Bàbá wo?"

"Bàbá Fimíhàn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n ní kí n mú pọ́ọ̀sì náà wá. Wọ́n fi ìka wá inú rẹ̀, wọ́n yọ káàdì kan, wọ́n dá ìyókù padà fún mi. Wọ́n ní kí n máa fi rántí rẹ̀."

"O ò sì sọ fún Níní?"

"Níní ò bi mí, Mà. Wonder ló ń bú."

Obìnrin náà wọlé, ó fi pọ́ọ̀sì sílẹ̀, Àlàájà sì tì í sínú báàgì. Ohun tó ti fura sí láti àárọ̀ ló ti hàn gbangba yìí, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i rárá. Ó sàn kí olè jẹ́ olè.

*

Èéfín ẹja ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ létí ọ̀sà ní Bàrígà. Bàbá Ikúmápàyí jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi abẹ́rẹ́ onígi ran àwọ̀n, ìka rẹ̀ ló ń wo ibi tó ya. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò, ó ní láti yí gbogbo orí rẹ̀ kó tó rí i, bí ẹni tó ń ti ihò kọ́kọ́rọ́ wo ayé.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú àbọ̀. Ẹ̀yin lọlọ́pàá tí Níní lọ pè."

"Mo ti fẹ̀yìn tì, sà."

"Èmi náà ti fẹ̀yìn tì," ni bàbá wí, ó sì ń ran àwọ̀n rẹ̀ lọ.

Àlàájà jókòó sórí àpótí kan. Kò mọ bí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ jù láti kọ́ ọ lónìí. "Bàbá, ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù tí kò wá a, bí kò bá ti rẹ̀ ẹ́, á jẹ́ pé ó mọ ibi tó wà. Mo sì wò yín, kò rẹ̀ yín. Ẹ ṣì ń ran àwọ̀n tí ẹ ò ní jù sómi mọ́. Wúràolúwa ti sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ yọ káàdì náà. Níbo ló wà?"

Abẹ́rẹ́ náà dúró.

"Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀," ni bàbá wí.

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ Fimíhàn. Nínú pósí."

Omi ọ̀sà ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan nítòsí.

"Nínú ìran tiwa," ni bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "apẹja kì í lọ lọ́wọ́ òfìfo. Abẹ́rẹ́ àwọ̀n rẹ̀ la máa ń fi sí i lọ́wọ́, kó má baà padà wá wá a. Fimíhàn ò di abẹ́rẹ́ mú rí. Mo wá ohun tó jẹ́ tirẹ̀, tó fi ń ṣe ohun tó fẹ́ràn jù. Káàdì yẹn ni mo rí i tó máa ń tọ́jú. Mo fi sí i lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ta ló mọ̀ pé á tún béèrè káàdì?"

"Nígbà tó wá béèrè ńkọ́?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo mọ̀." Ohùn rẹ̀ le. "Bí mo bá sọ, Níní á lọ gbẹ́lẹ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Nítorí ojú mi, á gbẹ́ ẹ. Kí n rí ìlú mi, kí wọ́n wá tú ọmọ mi síta? Òkun hú àwọn bàbá mi nínú ibojì ní Òkè-Ìbùkún, mo fojú ara mi rí egungun wọn lórí omi. Ẹnikẹ́ni ò ní hú Fimíhàn. Kójú máa lọ."

Ẹnìkan mí hẹlẹ lẹ́yìn wọn. Níní ti dé láti Akoka, ìwé wà láyà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀.

"Ẹ wá ń wò mí tí mò ń bú Wonder," ó ní.

Bàbá tẹrí ba. "Ó dùn mí. Ẹ̀rù ló bà mí jù."

Níní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sunkún, kò sì bínú, èyí tó le ju méjèèjì lọ. "Mi ò ní gbẹ́lẹ̀, Bàbá," ó ní níkẹyìn. "Ẹ̀ bá ti bi mí."

Àlàájà wò wọ́n, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀ ju orúnkún lọ. Ó ti mọ ẹni tó mú un, ó ti mọ ibi tó wà, kò sì sí àǹfààní kan nínú mímọ̀ náà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ṣe ń parí, kò sẹ́ni tó ń sọ fún ọmọ ọlọ́pàá tuntun. Ó dìde. Ìbéèrè tó kù lẹ́nu rẹ̀, àṣà ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló bí i. Èèyàn kì í pa fáìlì dé láìkọ bí nǹkan tó sọnù ti rí.

"Báwo ni káàdì náà ti rí, Bàbá?"

"Ó nípọn díẹ̀. Yẹ́lò ni. Wọ́n gé igun rẹ̀ róbótó."

"Ṣé ọwọ́ ló fi kọ nọ́ńbà sí i?"

"Rárá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni. Lẹ́tà dúdú, bíi ti inú ìwé."

Àlàájà tún jókòó. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó bẹ̀rù pé bóun bá sáré, ohun tó ń bọ̀ lọ́kàn òun á fò lọ. "Níní," ó ní, "ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í tẹ káàdì ẹyọ kan."

"Mi ò gbọ́ yín, Mà."

"Pépà ńlá ni wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ. Káàdì púpọ̀ ló ń wà lórí ẹyọ pépà kan, pépà náà sì lè tó igba. Ọ̀gá Fimíhàn ní bí ààyè bá ṣẹ́kù, ẹ̀gbọ́n rẹ á wá nǹkan fi dí i. Wọ́n ń tẹ káàdì yẹ́lò fún oníbàárà kan, ààyè kan ṣẹ́kù, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ dí i. Ó mú ọ̀kan sínú pọ́ọ̀sì. Ìyókù ńkọ́? Ta ló ń da káàdì nù ní Ṣómólú?"

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń wá inú báàgì. Tẹ̀sùbáà, oògùn orúnkún, pọ́ọ̀sì aláwọ dúdú. Ó rí i nísàlẹ̀. Àdírẹ́sì Wonder wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù Alájì. Igun rẹ̀ rí róbótó. Ó tì í wọ ẹ̀gbẹ́ tó ṣófo nínú pọ́ọ̀sì Fimíhàn, ó wọ inú àpá rẹ̀ wẹ́kú. Ó fà á jáde, ó sì yí i padà.

K ló bẹ̀rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pé ogún.

"Láti àárọ̀ ló ti wà nínú báàgì mi," ni Àlàájà wí, ẹ̀rín kan tí kò pè sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ọdún méjì ló ti ń rìn káàkiri Ṣómólú. Gbogbo ayé ló ní in, àfi àwọn tó ń wá a."

Bàbá na ọwọ́. Wọ́n fi káàdì náà lé e lọ́wọ́. Kò gbìyànjú láti kà á, ìka ló fi ń tọ igun rẹ̀ yí po.

"Ó mú tirẹ̀ lọ," ó ní. "Ó fi tiwa sílẹ̀."

*

Nọ́ńbà náà kọ̀ nígbà àkọ́kọ́, Níní ló ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Nígbà kejì, Àlàájà ń pè é fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Kọ̀ǹpútà àyálò náà rò ó títí, òkun wá hàn lójú rẹ̀, búlúù. Lẹ́yìn náà ni èbúté hàn, àti ilé onípákó lórí òpó, orúkọ onílé wà lókè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan.

Bàbá sún mọ́ ọn débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

"Níní, bẹ̀rẹ̀ láti èbúté. Má sáré o. Mo fẹ́ kà á."

Níní ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń rìn. Bàbá ń ka ilé, ó ń dárúkọ wọn sẹ́nu ní èdè Ìlàjẹ, ó ń ka igi àgbọn. Nígbà tí wọ́n dé ìparí, ó ní kí wọ́n padà sí èbúté. Wọ́n rìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Àlàájà wọ sálúbàtà rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ sùn, ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí Níní tó fi ọwọ́ kan gbé fóònù, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí Wonder pé kó máa bọ̀, pé kó má bínú.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, bàbá di ojú méjèèjì.

"Máa lọ," ó ní. "Ilé Ẹkúndayọ̀. Ilé ìyá mi. Igi àgbọn méjì. Bí o bá yà sọ́wọ́ òsì báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Níní yà sọ́wọ́ òsì. Ṣọ́ọ̀ṣì ni.